Òròmọdìẹ tuntun láàárín àwọn àgbà adìẹ: báwo lẹ ṣe ń dà wọ́n pọ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin elédìẹ. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín kí n tó ṣe ohunkóhun. Àgbébọ̀ mẹ́jọ àti àkùkọ kan ló wà lẹ́yìnkùlé mi, ìbílẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ wà. Wọ́n mọ ẹni tó ni orí ọ̀pá tó ga jù, wọ́n sì mọ ẹni tó ń kọ́kọ́ débi oúnjẹ. Mo wá ra òròmọdìẹ méjìlá, irú Noiler tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin. Ọmọ ọjọ́ kan ni wọ́n nígbà tí mo gbà wọ́n, inú páálí ní fàráńdà ni mo ti ń tọ́ wọn. Wọ́n ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí, páálí kò gbà wọ́n mọ́, òórùn wọn sì ti ń dé pálọ̀. Bàbá Ìbejì ní kí n kàn kó wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n lánàá tí mo gbé páálí síta kí oòrùn àárọ̀ lè kàn wọ́n, àgbébọ̀ dúdú kan sáré wá, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ dìde gánńgán, ó na ọrùn wọ inú páálí, ó sọ ọ̀kan lórí gbì. Ẹ̀rù bà mí. Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n dàpọ̀, báwo sì ni kí n ṣe é?

Bàbá Alágò, Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó wọn sílẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò lè bá àgbébọ̀ du nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán, bó bá sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí 12, ọkàn yín á tún balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni kí ẹ máa kà o, ara wọn ni kí ẹ máa wò. Noiler máa ń tètè tóbi ju ìbílẹ̀ lọ, nítorí náà ti yín kò ní pẹ́ kí wọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn àgbà dọ́gba. Ẹni tó bá ń tọ́ òròmọdìẹ ìbílẹ̀ ni yóò dúró pẹ́.

Ohun tí àgbébọ̀ dúdú yẹn ṣe kì í ṣe ìkà. Adìẹ ní ipò láàárín ara wọn: ẹni àkọ́kọ́ ń sọ ẹni kejì, ẹni kejì ń sọ ẹni kẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé orí ẹni ìkẹyìn tí kò rí ẹnì kankan sọ. Bí àlejò bá wọlé, ipò gbogbo wọn á mì, kálukú á sì fẹ́ fi hàn pé òun kọ́ ni ẹni ìkẹyìn. Ìjà náà kò ṣeé yẹ̀ pátápátá. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ojú wọn mọra kí ara wọn tó kanra, kí ìjà náà lè mọ ní ẹnu lásán.

Àgò ni àwọn ìyá wa ń lò, àgò náà sì ni mo ń lò títí dòní. Ẹ ra àgò ńlá tí wọ́n hun dáadáa, tí ihò rẹ̀ kò fẹ̀ débi tí orí àgbébọ̀ á fi kọjá. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀, ẹ da àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀ láàárín àgbàlá gan-an, níbi tí àwọn àgbà ti ń jẹ̀ kiri. Ẹ fi omi àti oúnjẹ sínú rẹ̀, ẹ gbé òkúta lé e lórí kí ewúrẹ́ má baà taari rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́n àgbàdo tí ẹ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ sílẹ̀ yí àgò ká. Àwọn àgbà á máa ṣà á jẹ lóde, àwọn ọmọ á máa jẹ tiwọn nínú, ẹnu wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó rí i tí àgbébọ̀ dúdú yẹn á máa yí àgò ká, tí á máa sọ ọ̀pá rẹ̀ kò-kò-kò. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ẹ ó rí i tí á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì wo ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú ti ń mọra. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa sún àgò síwájú díẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n lè rí koríko tuntun.

Ẹni tí kò bá rí àgò rà lè fi nẹ́ẹ̀tì onírin dá igun kan ilé adìẹ sí méjì. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ìyá Elẹ́yin, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ Bàbá Alágò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní adìẹ ìbílẹ̀ mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ kan wà lọ́wọ́ yín tí ẹni tó ń sin Isa Brown, adìẹ òyìnbó tí wọ́n ń sìn fún ẹyin, kò ní. Adìẹ yín ń sàba. Isa Brown kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sàba rárá, wọ́n ti fi ẹyin yíyé gba ìyẹn lára rẹ̀.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ ra òròmọdìẹ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àgbébọ̀ kan wà lórí ẹyin. Bó bá ti jókòó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹyin rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kó tó pa, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra ọmọ ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú dáadáa. Ẹ má tan iná tó mọ́lẹ̀. Ẹ mú ọmọ kan lọ́wọ́, ẹ rọra ti ọwọ́ bọ abẹ́ àyà rẹ̀ níbi tó gbóná jù, ẹ fi ọmọ sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan náà mú ẹyin kan jáde. Ẹ tún padà wá pẹ̀lú èkejì. Ní ìdájí, ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tẹ́tí. Bó bá ń pè wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó ń ṣa oúnjẹ tó sì ń jù ú sílẹ̀ fún wọn, ó ti gbà wọ́n nìyẹn. Bó bá ń sọ wọ́n, ẹ kó wọn kúrò kíá.

Ìyá tó bá gba ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú wọn wọ àárín ẹgbẹ́. Kò sí àgbébọ̀ tó máa fi ẹnu kan ọmọ rẹ̀ kí ó dákẹ́. Nígbà tó bá fi máa lé wọn kúrò lẹ́yìn ara rẹ̀, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, gbogbo agbo ti mọ̀ wọ́n.

Ti Ìyá Ìbejì ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò ní wọ abẹ́ ìyá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun kan: òròmọdìẹ ò màwòdì, ìyá rẹ̀ ló màṣá. Àwọn ọmọ inú páálí yìí kò ní ìyá tó máa kígbe fún wọn. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lórí pápá tí kò ní igi, tí kò sì ní ibi tí wọ́n lè sá wọ̀.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ mi ni ìtọ́jú ẹran, àwọn elédìẹ ẹ̀yìnkùlé ló sì ń wá bá mi jù lọ. Ọ̀rọ̀ ìjà ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n àrùn ló ń pa ọmọ ju ìjà lọ. Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni lùkúlùkú, èyí tí ìwé ń pè ní Newcastle. Àgbà adìẹ tí a ti fún ní àjẹsára lè gbé kòkòrò rẹ̀ kiri láì ṣàìsàn, kí ó sì kó o ran ọmọ tí kò ní ààbò. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ wò ó bóyá àjẹsára àwọn ọmọ yẹn pé. Wọ́n máa ń fún wọn ní ti àrùn Marek ní ilé tí wọ́n ti pa wọ́n, ní ọjọ́ kìíní. Ti lùkúlùkú àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kán sójú ní ọjọ́ kìíní náà. Lasota, tí òun náà jẹ́ ti lùkúlùkú, tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, nínú omi mímu. Komarov, ti lùkúlùkú bákan náà, ni abẹ́rẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ti àrùn Gumboro ń wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù àkọ́kọ́, ti ṣọ̀pọ̀ná adìẹ sì máa ń bá Komarov rìn. Ètò yìí lè yí díẹ̀ láti agbègbè dé agbègbè, dókítà tó sún mọ́ yín ló máa bá yín tò ó. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti ọdún 1924, ń ṣe àjẹsára wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí Komarov wọlé, kí ẹ sì dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó dàpọ̀ pátápátá. Ẹ rí i pé ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí Bàbá Alágò wí. Omi tí a fi ń po Lasota kò gbọdọ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kilorín sí, torí yóò pa àjẹsára náà. Omi kànga tó mọ́ tàbí omi òjò dára.

Èkejì ni ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, coccidiosis. Inú ìgbẹ́ adìẹ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ilẹ̀ tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin ló fẹ́. Àwọn àgbà ti jẹ ẹ́ títí ó fi mọ́ wọn lára, wọn kò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ wọn kún fún un. Ọmọ tó jáde láti inú páálí gbígbẹ lọ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àkókò òjò lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àgò tí Bàbá Alágò ń sún kiri yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ojú ń mọra, ara àwọn ọmọ náà sì ń mọ kòkòrò ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbẹ́ ìgbẹ́ abẹ́ ọ̀pá jáde, ẹ da èérún pákó gbígbẹ tuntun sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí omi máa dà sílẹ̀ yí ìkòkò omi ká. Bí ẹ bá rí ọmọ tó káwọ́ jókòó, tí apá rẹ̀ wó, tí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ́n, ẹ má dúró di ọ̀la. Amprolium nínú omi mímu ni a sábà máa ń fún wọn, gbogbo wọn ni yóò sì mu ún, kì í ṣe ẹyọ kan.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Adìẹ tó ń ṣàìsàn máa ń fi pamọ́ kí àwọn yòókù má baà sọ ọ́. Nítorí náà ẹ máa fi ọwọ́ gbé wọn wò. Bí eegun àyà bá mú sí yín lọ́wọ́, kò jẹun tó nìyẹn, bóyá wọ́n ń lé e kúrò nídìí oúnjẹ.

Ẹni tó bá ra adìẹ lọ́jà, yálà ọmọ tàbí àgbà, kó ya wọ́n sọ́tọ̀ jìnnà sí agbo fún oṣù kan. Lùkúlùkú lè wà lára fún ọjọ́ 2 sí 15 kí àmì tó hàn. Kí ẹ tọ́jú àwọn ti ilé ṣáájú, kí ẹ tó lọ bá àwọn àlejò, kí ẹ sì fọ ọwọ́ àti bàtà.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ ṣeun púpọ̀, dókítà. Lasota ti wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Komarov ló kù. Ìbéèrè mìíràn: layers, oúnjẹ adìẹ tó ń yé, ni àwọn àgbà mi ń jẹ. Ọmọ ń jẹ growers, ti adìẹ tó ń dàgbà. Tí wọ́n bá dàpọ̀, báwo ni mo ṣe máa yà á?

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ layers. Kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ọmọ tó ń dàgbà kò nílò ju nǹkan bí ìdá kan lọ. Àgbébọ̀ ń fi tirẹ̀ ṣe èèpo ẹyin, ọmọ kò rí ibi fi í sí, kíndìnrín rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Ẹ sọ gbogbo wọn di ẹlẹ́nu growers títí àwọn ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Kí ẹ wá bu ìkarahun tí wọ́n fọ́, ti ìgbín tàbí ti odò, sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Àgbébọ̀ mọ ohun tó ń wá, á lọ ṣà á jẹ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ kò ní kà á sí. Èèpo ẹyin yín kò ní fẹ́lẹ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Mi ò ní ta ko àwọn àgbà, ṣùgbọ́n nílé wa, òru ni a ń kó wọn wọlé, ó sì parí. Tí adìẹ bá ti wọ̀, kò ríran. Ẹ rọra gbé àwọn ọmọ sórí ọ̀pá láàárín wọn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á jọ jí.

Bàbá Alágò, Ìsẹ́yìn

Ọmọ Ọ̀yọ́, òru dára, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àgò ni. Adìẹ mọ ojú ara wọn, ogbe àti orí ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọ́n rí ojú tí wọn kò rí rí, nínú ilé tó há tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní títì, àwọn ọmọ kò níbi sá sí. Igun ni wọ́n á há sí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ orí wọn dé eegun. Ẹni tó bá fi òru ṣe é gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ, kó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kó sì dúró ti wọn.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì àgò bá pé, kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ń kọ́kọ́ tú wọn sílẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn àgbà ti yó tán. Àwọn ọmọ gbogbo ni mo ń tú lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò jẹ́ tú ẹyọ kan, torí ẹyọ kan ni wọ́n á dojú kọ. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ jókòó tì wọ́n. Kí abọ́ oúnjẹ àti omi tó méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n jìnnà síra, kí ẹnì kan má lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ tún to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin sílẹ̀, ẹ tẹ́ pákó lé e, kí àyè abẹ́ rẹ̀ gba ọmọ kí ó má gba àgbébọ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ẹ ó ti rí i bí wọ́n á ṣe máa ya wọ abẹ́ pákó náà, tí àgbébọ̀ á bẹ̀rẹ̀, á yọjú, á sì padà. Abọ́ kan lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ fi fún wọn.

Ilé wọn tún gbọ́dọ̀ gbà wọ́n. Adìẹ kan nílò ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, méjì ní fífẹ̀, nínú ilé. Adìẹ 21 yín á fẹ́ ilé tó tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ní fífẹ̀ àti 11 ní gígùn, àti àgbàlá lóde. Bí ilé bá há, gbogbo ìmọ̀ràn tí a ń gbà yín yìí kò ní tó nǹkan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Kent

Ẹ kú àárọ̀ láti ìlú òyìnbó. Àdìẹ mẹ́fà ló wà lọ́gbà mi níbí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí ọwọ́ wọn dí. Mo máa ń fi okùn so odidi kábéèjì kọ́ sí ibi tí orí wọn á tó, lọ́jọ́ tí mo bá tú àwọn tuntun sílẹ̀. Ẹnu tó ń lé kábéèjì kò ráyè sọ ọmọ ẹlòmíì. Nílé, ìdì tẹ̀tẹ̀ tàbí ewé ìbẹ́pẹ á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ rántí pé láti 1 October 2024, òfin ní England àti Wales ni pé ẹni tó bá ní adìẹ, kódà ẹyọ kan, gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òfin kò sì gbà kí a kó àjẹkù oúnjẹ ilé ìdáná fún wọn. Inú ọgbà ni kí ẹ ti já ẹ̀fọ́ náà.

Ìyá Elẹ́yin, Abẹ́òkúta

Tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì sọ ìyẹn. Adìẹ tó bá rí pupa lára ọmọnìkejì rẹ̀ kò ní yé sọ ọ́, àwọn yòókù á sì dara pọ̀. Ẹ gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú kan náà, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ kun GV, oògùn ọgbẹ́ aláwọ̀ àlùkò, sí i kí àwọ̀ pupa má hàn mọ́. Ẹ má dá a padà títí ojú ọgbẹ́ á fi gbẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé àgbébọ̀ kan ṣoṣo ló ń dá wàhálà sílẹ̀, irú dúdú Ìyá Ìbejì yẹn, òun ni kí ẹ mú jáde, kì í ṣe ọmọ. Ẹ fi í sábẹ́ àgò tiẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, níbi tí kò ti ní rí wọn. Bó bá padà dé, òun náà ti di àlejò, á bá ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, á sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ọlọ́run á bùkún fún gbogbo yín. Mo ti rán ọmọ lọ ra àgò. Ohun tó kù ni pé mẹ́rin nínú wọn ti ń yọ ogbe tó pọ́n ju ti àwọn yòókù lọ, ẹsẹ̀ wọn sì nípọn. Ó dà bíi pé akọ ni wọ́n. Ṣé àkùkọ mi á gbà wọ́n?

Bàbá Alágò, Ìsẹ́yìn

Á gbà wọ́n báyìí, torí ọmọ ni ó kà wọ́n sí. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, tí wọ́n sì fẹ́ máa gun àgbébọ̀, ni ìjà gidi á dé, ìyẹn sì máa ń bọ́ sí bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Akọ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Akọ márùn-ún nínú agbo yín, ẹ̀yìn àwọn abo ni yóò pá, ìyẹ́ á tán níbẹ̀. Ẹ yan ẹyọ kan tí ara rẹ̀ le tí kò sì burú sí ènìyàn, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àgbà. Àwọn yòókù, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ti kọ, ẹ fi àgbàdo kún oúnjẹ wọn, kí ẹ tà wọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì nígbà tí owó adìẹ bá wọ́n jù.